Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Ihò Igi Ni Kò Tó: Alápàńdẹ̀dẹ̀ Igbó ní Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Nígbà tí òjò bá dá ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí èsúnsún sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú ilẹ̀, ojú ọ̀run lókè àwọn àpáta wa a máa kún fún àwọn ẹyẹ dúdú kéékèèké tí apá wọn tẹ̀ bí dòjé. Wọn kì í bà sórí ẹ̀ka igi bí àdàbà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ̀ lẹ́bàá àkìtàn bí adìyẹ. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ wọ́n, wọn a fò gba ojú odò kọjá, wọn a fi ẹnu bu omi láìdúró. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń pe gbogbo wọn láìṣe ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ wọ̀nyí kì í ṣe ẹyẹ kan ṣoṣo. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó ń gbé abẹ́ òrùlé ilé wa, àwọn kan wà tí ó ń gbé orí ọ̀pẹ, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé inú ihò igi àgbà ni wọ́n ti ń bímọ. Àwọn tí a mẹ́nu kàn kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí pé ọwọ́ wa ni ibùgbé wọn wà.

Orúkọ kan, ìdílé méjì

Èdè Faransé ya ìdílé méjì sọ́tọ̀ níbi tí èdè wa sábà máa ń lo orúkọ kan. Ó ń pe ọ̀kan ní «hirondelle», ó sì ń pe èkejì ní «martinet». Hirondelle ni èyí tí ó máa ń tò jọ sórí wáyà iná, tí ó sì ń fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ rẹ̀. Martinet kò lè bà sórí wáyà rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi fún ìdílé rẹ̀ ní orúkọ kan láti inú èdè Gíríìkì, Apodidae, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ «aláìlẹ́sẹ̀». Kì í ṣe pé kò ní ẹsẹ̀ ní tòótọ́. Ó ní in, èékánná ẹsẹ̀ náà sì mú ṣáṣá. Iṣẹ́ wọn ni kí ó fi rọ̀ mọ́ ara ògiri, ara àpáta, tàbí inú ihò igi.

Ẹyẹ tí kò lè bà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fò. Ní ọdún 2016, Anders Hedenström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní orílẹ̀-èdè Sweden tẹ ìwádìí kan jáde lórí martinet noir, èyí tí ó máa ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún. Wọ́n so ẹ̀rọ tíńtínní mọ́ àwọn ẹyẹ náà lára, wọ́n sì rí i pé àwọn kan nínú wọn lo oṣù mẹ́wàá lójú ọ̀run láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń mú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ padà wá bá ilẹ̀: ọmọ bíbí. Ẹyin kò ṣe é yé sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni martinet ń fẹ́ lọ́wọ́ ayé, ìdáhùn kò gùn: kòkòrò lójú ọ̀run, àti ihò kan tí yóò kó ọmọ sí.

Ẹyẹ tí ìrù rẹ̀ ní ẹ̀gún

Èyí tí ó yẹ kí àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ nínú àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ oníhò ni martinet d'Ussher, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Telacanthura ussheri. Ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Bowdler Sharpe, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1870. Ó fi sọrí Herbert Taylor Ussher, tí ó jẹ́ alákòóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Báyìí ni ẹyẹ tí ó ti ń fò lórí ilẹ̀ wa kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ ṣe wá ń jẹ́ orúkọ gómìnà.

Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Ara rẹ̀ dúdú, ìbàdí rẹ̀ funfun, ọ̀fun rẹ̀ sì rí kálakàla bí ẹni pé a wọ́n eérú sí i. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé martinet des maisons ni, èyí tí ó ń gbé abẹ́ afárá àti òrùlé ilé láàárín ìgboro. Ẹ wo ohun mẹ́ta kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Èkíní, ọ̀fun martinet des maisons funfun gbòò. Ti Ussher kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì, Ussher ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá, nítòsí ìdí ìrù. Ẹ̀kẹta, apá rẹ̀ tín-ín-rín níbi tí ó ti so mọ́ ara, ó wá fẹ̀ sí i láàárín kí ó tó ṣóńṣó, bí ọ̀bẹ tí a fi ń ra bọ́tà sí búrẹ́dì. Ní ìparí ìrù rẹ̀, egungun ìyẹ́ yọ síta bí ẹ̀gún kéékèèké. Àwọn ẹ̀gún yìí ni ó fi ń ti ara rẹ̀ nígbà tí ó bá rọ̀ mọ́ inú ihò.

Ó ní àwọn ìbátan tí ó tún fẹ́ràn igbó jù ú lọ. Martinet de Sabine kéré sí i; ikùn rẹ̀ funfun, ìyẹ́ funfun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìrù rẹ̀. Martinet de Cassin ní ìrù kúkurú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè pè é ní àdán bí ó bá ń fò lọ. Òkè igbó kìjikìji ni àwọn méjèèjì ti ń ṣọdẹ kòkòrò. Ussher kò le tó bẹ́ẹ̀: ó lè gbé etí igbó, ó lè gbé igbó etí odò, ó tilẹ̀ lè gbé inú ọ̀dàn, bí igi ńlá bá ṣáà wà níbẹ̀.

Ibi tí ó ń gbé

Igi tí martinet d'Ussher yàn láàyò jù ni igi oṣè. Igi oṣè ni igi tí inú rẹ̀ sábà máa ń di ihò bí ó bá ti dàgbà. Àgbàlagbà oṣè kan lè gba ènìyàn púpọ̀ sínú. Ẹyẹ náà a wọ inú ihò náà, yóò kó ẹ̀ka wẹ́wẹ́ jọ, yóò sì fi itọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ihò títí yóò fi di ìtẹ́ tí ó dà bí ìlàjì igbá. Ẹyin rẹ̀ funfun, bí ti gbogbo martinet. Yàtọ̀ sí oṣè, ó máa ń lo igi ńlá mìíràn tí ó ní ihò, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ a sì máa lẹ ìtẹ́ mọ́ inú kànga tàbí inú kòtò jíjìn tí ènìyàn gbẹ́. Nítorí náà, bí ẹyẹ dúdú kékeré kan bá fò jáde láti inú kànga àtijọ́ lóko yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ lókùúta. Kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe àjẹ́. Abiyamọ ni.

Ilẹ̀ tí ẹyẹ yìí ń gbé fẹ̀ gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, ó gba etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá dé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ó tún wà ní Kẹ́ńyà àti Tansaníà ní ìlà-oòrùn, títí dé Mòsáḿbíìkì àti àríwá Gúúsù Áfíríkà, níbi tí igi oṣè ti pọ̀. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tiwa wà láàárín ààlà náà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń gbé igbó kìjikìji, Sabine àti Cassin, ní tiwọn ń tẹ̀ lé igbó ńlá: apá kan ní ìhà Gánà àti Côte d'Ivoire, apá kejì láti Nàìjíríà lọ dé igbó Kóńgò.

Kí ni ó dé tí igbó ńlá náà fi pín sí méjì? Ilẹ̀ wa gan-an ni ìdáhùn. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yóò rí i pé igbó kìjikìji tí ó gba etí òkun kọjá já ní ìlà-oòrùn Gánà, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ ní kíkún títí a fi dé Nàìjíríà. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni ó wà nínú àlàfo náà, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń pè ní «Dahomey Gap», Àlàfo Dàhòmì. Òjò kò tó níbẹ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, nǹkan bí mìlímítà 1,100 ni ó ń rọ̀ lọ́dún. Ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ adágún Sélé, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, fi hàn pé igbó wà níbí nígbà kan rí, àti pé nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ojú ọjọ́ yí padà lójijì tí ọ̀dàn sì gba ipò igbó. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú igbó ìgbà náà kò pọ̀: igbó Lama, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1946; igbó kékeré tí ó wà ní Pọ́bẹ̀ láàárín àwọn ará wa Nàgó; igbó etí odò Ouémé àti Okpara; àti àwọn igbó òrìṣà tí ó wà ní ẹ̀yìn abúlé wa.

Èyí ni ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ igi àgbà jẹ wá lógún ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nínú igbó Kóńgò, bí igi oníhò kan bá wó, ẹyẹ yóò rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àlàfo, igi oníhò kan lè jẹ́ ilé kan ṣoṣo tí ó wà fún ọ̀pọ̀ kìlómítà.

«Préoccupation mineure»: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, tí a mọ̀ sí UICN, ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Liste rouge, Àkójọ Pupa. Inú ìwé náà ni wọ́n ti ń to àwọn ẹ̀dá gẹ́gẹ́ bí ewu tí ó dojú kọ wọ́n ṣe pọ̀ tó. Martinet d'Ussher, martinet de Sabine àti martinet de Cassin wà ní ìpele tí ewu ti kéré jù, èyí tí a ń pè ní «préoccupation mineure». Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé fẹ̀, wọn kò sì tíì dínkù dé ìwọ̀n tí yóò fi dẹ́rù bani ní gbogbo ayé.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ṣe ìrọ̀rí sùn. Ẹ wo igún, ẹyẹ tí gbogbo àgbà mọ̀ ní ẹ̀yìn ibi tí a ti ń pa ẹran. Títí di nǹkan bí ọdún 2010, igún onígbòórí-pupa tí ó wà láàárín ìlú wa wà ní ìpele kan náà tí martinet wọ̀nyí wà lónìí. Ní 2011, wọ́n gbé e fò sí ìpele «en danger». Ní 2015, ó ti dé «en danger critique», ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Májèlé, ìṣọdẹ àti òwò orí igún fún oògùn ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ wo odídẹrẹ́ náà, ẹni tí ó ni ikóódẹ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé láti 1992, odídẹrẹ́ ti dínkù ní Gánà pẹ̀lú ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdẹ tí ń mú un tà kó ipa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gígé igi ńlá náà kó ipa tirẹ̀, nítorí pé inú ihò igi ni odídẹrẹ́ pẹ̀lú ti ń yé ẹyin.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé àgbáyé ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá ní gbogbo ayé. Kò sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹyẹ lè pọ̀ ní Kamẹrúùnù kí ó sì tán ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ìwé náà má sì yí padà.

Igi tí a rò pé kò wúlò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ojú títì láti Ìdáàṣà lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou ti rí àwọn àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Kútọnu. Owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé wà nínú àpò wọ̀nyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni. Oko kajú náà ń fẹ̀ sí i, nítorí pé kajú ń mówó wọlé. Nígbà tí a bá ń ṣán ilẹ̀, igi oníhò ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. A kò lè là á ṣe pákó. A ní ó ti jẹrà. A ní ejò lè wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá gé e, iná ìgbẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a wọ inú rẹ̀, ihò náà a sì fa iná sókè bí ọ̀nà èéfín, títí igi yóò fi wó. Àwọn kan ń fi iná sí i nítorí oyin.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé igi tí kò ní iye lórí lójú wa ni ó níye lórí jù lójú ẹyẹ. Igi kò sì ń di oníhò lọ́jọ́ kan. Láti ọdún 1985 ni ilẹ̀ wa ti ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà lọ́dọọdún, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: tíìkì tí a gbìn lónìí, a óò ti gé e tà kí ó tó ní ihò kan ṣoṣo lára, ìrókò tí a sì gbìn lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò rí ihò inú rẹ̀. Gbígbìn kò lè dípò dídá igi àgbà sí. Àwọn méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè lè là wá lójú. Ní Amẹ́ríkà, ẹyẹ kan wà tí ó bá àwọn oníhò tiwa tan, ìrù tirẹ̀ náà sì ní ẹ̀gún. Inú ihò igi ni ó ń gbé látijọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn gé igbó tán, ó kó lọ sínú ọ̀nà èéfín ilé wọn, débi pé orúkọ ọ̀nà èéfín náà ni wọ́n fi ń pè é lónìí. Ṣùgbọ́n ilé ìgbàlódé kò ní irú ọ̀nà èéfín bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti ń dí ẹnu àwọn ti àtijọ́. Ní 2018, Àkójọ Pupa gbé ẹyẹ náà sí ìpele «vulnérable». Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye martinet noir tí ó ń bímọ níbẹ̀ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín 1995 sí 2018. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń tún ilé ṣe ń dí ihò ara ògiri. Ní 2021, wọ́n fi í sí ìpele pupa ní orílẹ̀-èdè náà. Nísinsìnyí, àwọn ìlú kan níbẹ̀ ń bèèrè pé kí ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé gíga fi bíríkì oníhò sí ara ògiri fún ẹyẹ náà. Wọ́n ń fi owó ra ohun tí igi oṣè wa ń fi fún ẹyẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

A kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Òfin igbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1993, ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí gígé igi àti ṣíṣán igbó. Òfin ẹranko ìgbẹ́ ti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2004 tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìjọba fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan tí ó fún igbó mímọ́ ní ipò lábẹ́ òfin, kí àwọn tí ó ni ín lè máa tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àwùjọ. Ìkànìyàn igbó mímọ́ tí àwọn onímọ̀ Agbo àti Sokpon gbé jáde ní 1998 rí 2,940 irú igbó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo wọn papọ̀ kò ju héktà 18,360 lọ. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n inú wọn ni igi àgbà pọ̀ sí, nítorí pé àwọn baba wa kò jẹ́ kí àáké wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sin òrìṣà àti ẹni tí kò sìn ín lè jọ fẹnu kò lórí èyí: èèwọ̀ tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ ni ó pa igi wọ̀nyí mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ kan wà tí ó tọ́ sí yín. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ rìn yí oko àti igbó ìdílé yín ká, kí ẹ sì kọ iye igi oníhò tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀: oṣè mélòó, ìrókò mélòó, àràbà mélòó. Ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, láti rí bí ẹyẹ bá ń wọlé tàbí ń jáde. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ rí i. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà léèrè nípa igi tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn àti èyí tí ó ti lọ. Kò gba owó. Ojú àti sùúrù ni ó gbà.

Ẹ̀yin àgbà, ní ọjọ́ tí ẹni tí ń sun èédú bá wá bá yín láti ra igi orí ilẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a rìn yíká kí ẹ tó gba owó. Ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà sàmì sí ara gbogbo igi oníhò, kí ẹ sì sọ fún un pé àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ọjà. Ẹ ro àyíká ìdí wọn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, kí iná má baà dé ibẹ̀. Igi oníhò kì í mú èédú púpọ̀ jáde, nítorí náà àdánù yín kò ní pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ń jẹ èsúnsún àti kòkòrò tí ń fò lókè oko yín láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò ní ibi tí yóò bímọ sí.

Àwọn àgbà wa sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, Elédùmarè ni ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ihò inú igi ni kò tó wọn, àwa ènìyàn ni a sì lè pinnu iye tí yóò ṣẹ́ kù.